Ta Ni Anna Perenna Tí Àwọn Ará Róòmù Ń Mutí Fún?

Ẹni tó bá ti ka eré Julius Caesar nílé ẹ̀kọ́ kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Máàṣì. Ọjọ́ yẹn, lọ́dún 44 ṣáájú ìbí Krístì, ni àwọn aṣòfin Róòmù ká Caesar mọ́ inú ìpàdé, tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún un pa. Àwọn tíṣà wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹgba kọ́ wa ní orúkọ Brutus àti Cassius, wọ́n sì sọ fún wa nípa aríran tó kìlọ̀ fún Caesar pé kó ṣọ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí tíṣà kan tó sọ fún wa: ọjọ́ ọdún ni ọjọ́ náà. Ọjọ́ yẹn ni àwọn mẹ̀kúnnù Róòmù máa ń gbé oúnjẹ àti ọtí lọ sí etí odò, láti lọ ṣọdún òrìṣà obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Perenna.

Ọdún ọ̀hún kò ní wàhálà nínú rárá. Wọn a jáde kúrò nílùú, wọn a gba ọ̀nà Flaminia lọ sí ìhà àríwá títí wọn a fi rìn tó máìlì kan, nítòsí odò Tiber. Tọkùnrin tobìnrin á wá na ara wọn sórí koríko tútù, oníkálukú pẹ̀lú olólùfẹ́ rẹ̀. Àwọn kan á sùn gbalaja sábẹ́ ọ̀run. Àwọn kan á fi ẹ̀ka igi ṣe àtíbàbà. Àwọn mìíràn á ri esùsú mọ́lẹ̀ bí òpó, wọn á bọ́ toga ọrùn wọn, ìyẹn aṣọ ńlá táwọn ọkùnrin Róòmù máa ń dà bora bí agbádá, wọn á ta á sórí esùsú, ó di ilé. Ọtí á wá bẹ̀rẹ̀. Iye ife tí èèyàn bá mu ni iye ọdún tó ń tọrọ láti lò láyé. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń kà á. Ẹ ò rí i pé àdúrà ẹ̀mí gígùn kò le lọ́wọ́ wọn! Ọkùnrin kan á mu iye ọdún tí Nestor lò, bàbá arúgbó inú ìtàn àwọn Gíríìkì tó fojú rí ìran mẹ́ta. Obìnrin kan á mu títí á fi dàgbà bí Sibyl, ìyá aláfọ̀ṣẹ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò lóǹkà. Orin tí wọ́n gbọ́ ní tíátà ni wọ́n ń kọ, wọ́n ń jó, irun àwọn ọmọge ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ wálé, àwọn tó bá pàdé wọn lọ́nà a sì máa pè wọ́n ní olóríire.

Akéwì Ovid ló ròyìn gbogbo èyí. Ọdún 43 ṣáájú ìbí Krístì ni wọ́n bí i, ọdún kan péré lẹ́yìn ikú Caesar. Ó kọ ìwé ewì kan tó ń jẹ́ Fasti, nínú èyí tó ti ń to àwọn ọjọ́ ọdún Róòmù lẹ́sẹẹsẹ, oṣù kan sí ìwé kan, tó sì ń wádìí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ṣẹ̀. Ó ní ojú òun báyìí lòun fi rí ìyá arúgbó kan tó ti yó kẹ́ri, tó ń wọ́ bàbá arúgbó tóun náà ti yó bọ̀ láti ibi ọdún. Nígbà tó dé orí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Máàṣì, ìlà 174 ló fi sọ̀rọ̀ Anna Perenna. Ikú Caesar ńkọ́? Ìlà 14. Ó tiẹ̀ ní òun ì bá ti fò ó kọjá bí kì í bá ṣe pé òrìṣà Vesta dá sí i. Lójú tèmi, ọkùnrin náà láyà, nítorí Augustus tí Caesar sọ di ọmọ ló wà lórí àlééfà nígbà náà. Lọ́dún 8 lẹ́yìn ìbí Krístì, Augustus lé Ovid kúrò ní Róòmù lọ sí Tomis létí Òkun Dúdú, ibẹ̀ ló sì kú sí. Kì í ṣe nítorí Anna Perenna o. Ẹ̀sùn mìíràn ni. Ṣùgbọ́n ìwé Fasti kò kọjá oṣù Júùnù títí dòní.

Ta wá ni obìnrin yìí? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orúkọ rẹ̀. Lédè Látìn, ọdún ni annus. Ohun tó bá ń bá a lọ láti ọdún dé ọdún, tí kò dáwọ́ dúró, òun ni wọ́n ń pè ní perennis. Oṣù Máàṣì sì ni oṣù kìn-ín-ní lọ́dọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ẹni tó bá jiyàn, kó wo oṣù September, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìkeje, àti December, tó túmọ̀ sí ìkẹwàá. Láti Máàṣì ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà kó tó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ọdún 153 ṣáájú ìbí Krístì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Máàṣì gan-an ni àwọn olórí ìjọba wọn ń gorí oyè, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January. Ní ayé ìgbà tí wọ́n ń fi òṣùpá ka oṣù, ọjọ́ àárín oṣù yìí ni òṣùpá ń kún. Nítorí náà, ìgbà tí òṣùpá kìn-ín-ní nínú ọdún tuntun bá ràn yíká ni wọ́n ń ṣọdún Anna Perenna. Òǹkọ̀wé wọn kan, Macrobius, sọ pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ òrìṣà náà ni kí àwọn lo ọdún náà tán ní àlàáfíà, kí àwọn sì lo òmíràn. Àwa náà mọ àdúrà yẹn dáadáa: àṣèyí ṣàmọ́dún.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mọ, à bá ti parí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa mutí fún ọdún lásán? Àwọn èèyàn fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí òrìṣà náà í ṣe, ìlú tó ti wá, àti ohun tó ṣe tí wọ́n fi ń bọ ọ́. Ovid kó ìtàn tó gbọ́ jọ, ó sì fi èyí tó gùn jù ṣíwájú.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Carthage, ní etí òkun níbi tí orílẹ̀-èdè Tùnísíà wà lónìí. Dido ọbabìnrin ló tẹ ìlú náà dó. Aeneas, akọni tó sá kúrò ní Troy nígbà tí ogun kó ìlú náà, yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ìfẹ́ wọ ọbabìnrin lára. Nígbà tó yá, àwọn òrìṣà ní kí Aeneas máa lọ sí Ítálì, ó sì gbéra. Dido fi idà gún ara rẹ̀ kú lórí igi tó tò jọ fún iná. Virgil ti kọ ìyẹn ṣáájú. Ohun tí Virgil kò sọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Anna, ọmọ ìyá Dido, tó kù sáyé. Ibẹ̀ ni Ovid ti gbà á.

Ó ní gẹ́rẹ́ tí wọ́n sin Dido tán ni Ọba Iarbas gbógun wá. Iarbas yìí ti fẹ́ fi Dido ṣaya rí, Dido kọ̀ ọ́. Ó wá gba ààfin, ó ń yangàn pé obìnrin tó kọ òun, yàrá rẹ̀ lòun wà yìí. Anna wọkọ̀ ojú omi, ó sá lọ sí erékùṣù Malta, níbi tí Ọba Battus ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó di ọdún kẹta, Pygmalion arákùnrin wọn, ẹni tó ti pa ọkọ Dido nítorí owó tẹ́lẹ̀, tún ń wá Anna bọ̀ pẹ̀lú ọmọ ogun. Battus kò fẹ́ ogun. Ó ní kí Anna tètè máa sá lọ. Ó tún bọ́ sójú omi, ìjì dé, ọkọ̀ fọ́, omi gbé e jù sí etíkun Laurentum ní Ítálì.

Ní etíkun náà, ta ló ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn bọ̀ pẹ̀lú Achates ọ̀rẹ́ rẹ̀? Aeneas ni. Ó ti fẹ́ Lavinia ọmọ Ọba Latinus, ó ti di baálé ilé. Bó ṣe rí Anna, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Anna fẹ́ sá, àmọ́ ibo ni yóò sá gbà? Aeneas mú un lọ sílé, ó ní kí Lavinia jọ̀ọ́, kó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ìyá. Lavinia ní kò burú. Ó fi ẹnu gbà, ó fi inú kọ̀. Ó ń rí àwọn ẹ̀bùn tí ọkọ rẹ̀ ń kó fún àlejò yìí ní gbangba, ó sì ń rò ó lọ́kàn pé, bí ti gbangba bá pọ̀ tó báyìí, mélòó wá ni ti ìkọ̀kọ̀? Ó pinnu láti rán an lọ sọ́run.

Lóru ọjọ́ náà, Dido dúró ti bẹ́ẹ̀dì Anna lójú àlá, ẹ̀jẹ̀ ti gan mọ́ ọn nírun, ó ní kó sá kúrò nílé burúkú yìí. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, atẹ́gùn mi ilẹ̀kùn. Anna ta gìrì, ó fò jáde láti ojú fèrèsé tòun ti aṣọ tó fi sùn, ó sáré bí àgbọ̀nrín tí ìkookò ń lé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé etí odò Numicius, ipasẹ̀ náà sì pin síbẹ̀. Odò dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n wá gbọ́ ohùn Anna láti inú omi, ó ń sọ fún wọn pé òun ti di ara odò náà, inú omi tí kì í gbẹ lòun fara pamọ́ sí, Anna Perenna sì ni kí wọ́n máa pe òun. Kíá, àwọn tó ń wá a jókòó sínú pápá tí wọ́n ti ń sáré kiri, wọ́n gbé ọtí jáde, ni ọdún bá bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó bá mọ ìtàn Ọbà àti Ọ̀ṣun kò ní kọ háà pé owú ilé ọkọ sọ obìnrin di odò. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé ọmọ Carthage ni wọ́n fún ní ipò yìí. Ẹ rántí pé Róòmù bá Carthage ja ogun ńlá mẹ́ta, wọ́n sì pa ìlú náà run pátápátá lọ́dún 146 ṣáájú ìbí Krístì. Akéwì mìíràn, Silius Italicus, tiẹ̀ lo ọ̀rọ̀ yìí láti fi gbé ìdààmú kalẹ̀. Ó ní nígbà tí ọkàn Hannibal, olórí ogun Carthage, rẹ̀wẹ̀sì ṣáájú ogun Cannae lọ́dún 216, Anna ni òrìṣà Juno rán sí i pé kó múra sí ìjà. Àwọn ará Róòmù ló ń bọ Anna. Àwọn ará Carthage sì ni ẹbí rẹ̀. Ogun Cannae ni Róòmù ti jìyà jù lọ lọ́wọ́ Hannibal.

Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n kí n sọ tòótọ́ fún yín, n kò gbà pé ibẹ̀ ni ọdún yìí ti ṣẹ̀. Odò Numicius wà ní gúúsù Róòmù, lọ́nà Lavinium. Etí Tiber ní àríwá ìlú ni wọ́n ti ń ṣọdún. Yàtọ̀ sí èyí, ìdílé Caesar àti Augustus ló ń sọ pé àwọn jẹ́ àtọmọdọ́mọ Aeneas. Nígbà tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá wà lórí oyè, kò sí ọjọ́ ọdún kankan tí wọn kò ní bá Aeneas wá àyè sí. Orúkọ tó jọra, Anna àti Anna, ló so okùn náà pọ̀.

Ovid náà kò dá a lójú. Ó ní àwọn kan ní òṣùpá ni Anna, torí òun ló ń fi oṣù pé ọdún. Àwọn kan ní Themis ni, àwọn kan ní Io ọmọbìnrin tó di màlúù, àwọn mìíràn ní òun ló fún Jupiter ní oúnjẹ àkọ́jẹ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ká fi ìwọ̀nyẹn sílẹ̀ jàre. Èyí tó kàn ni mo torí rẹ̀ gbé kálàmù.

Lọ́dún 494 ṣáájú ìbí Krístì, gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn Róòmù ṣe kà á, gbèsè fẹ́ pa àwọn mẹ̀kúnnù. Livy ròyìn ọmọ ogun àgbàlagbà kan tó já wọ àárín ọjà, àkísà lára, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún bo ojú. Ó fi àpá ogun tó wà láyà rẹ̀ hàn wọ́n. Nígbà tó wà lójú ogun Sabine ni ọ̀tá jó ilé rẹ̀, tí wọ́n kó ẹran rẹ̀ lọ. Owó orí tún dé lé e lórí. Ó yáwó, èlé gorí èlé, oko bàbá rẹ̀ lọ sí i, nígbẹ̀yìn ẹni tó jẹ lówó mú òun fúnra rẹ̀ lọ sóko ìyà, ó sì nà án. Ó yí ẹ̀yìn padà, àpá ẹgba rẹ̀ ṣì tutù. Irú ìwọ̀fà báyìí pọ̀ nílùú, àwọn ọlọ́lá kò sì fẹ́ gbọ́. Ni àwọn mẹ̀kúnnù bá dìde láìja ìjà kankan, wọ́n kúrò nílùú fún àwọn ọlọ́lá, wọ́n lọ pàgọ́ sórí Òkè Mímọ́ lódìkejì odò Anio, tó tó máìlì mẹ́ta sí Róòmù. Ó di kí àwọn ọlọ́lá wá ẹni tí yóò ja ogun fún wọn.

Ovid ní oúnjẹ tí wọ́n gbé lọ tán. Ìyá arúgbó kan wà, Anna ni wọ́n ń pè é, Bovillae nítòsí Róòmù ni wọ́n ti bí i. Tálákà ni, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀lẹ. Á wé gèlè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ irun funfun rẹ̀, á fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n po àkàrà oko, irú èyí tí wọ́n ń yan, láràárọ̀ á sì pín in fún àwọn èèyàn náà níbi tó ṣì ti ń rú èéfín. Nígbà tí ìjà parí tí wọ́n padà sílé, wọ́n gbé ère kalẹ̀ fún un nítorí pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ àìní.

Livy tó kọ gbogbo ìtàn rògbòdìyàn náà kò dárúkọ ìyá yìí. Ẹni tí Livy rántí ni Menenius Agrippa, tí àwọn ọlọ́lá rán lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Agrippa pa àlọ́ kan fún wọn lórí òkè, bí ọwọ́ àti ẹnu àti eyín ṣe bínú sí ikùn pé ó ń jẹ láìṣiṣẹ́, tí wọ́n kọ̀ láti bọ́ ọ, tí gbogbo ara sì rù. Àwọn ìwé ti tún àlọ́ yẹn pa láìmọye ìgbà. Ẹ wò ó ná: ebi ń pa èèyàn, ọlọ́gbọ́n ń pa àlọ́ ikùn fún un, ìyá arúgbó sì ń gbé oúnjẹ tí yóò wọnú ikùn bọ̀. Ní ọjọ́ yẹn ni àwọn mẹ̀kúnnù gba ẹ̀tọ́ láti yan agbẹnusọ tiwọn, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ipò tó sì dúró fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

N kò lè búra pé ìyá náà gbé ayé rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé nínú ìtàn méjèèjì, èwo ló bá àwọn tó na ara wọn sórí koríko yẹn mu, ti oníyàn-àkàrà ni. Kò sí ọlọ́lá kan nínú rẹ̀. Àwọn tó ti kúrò nílùú rí nítorí gbèsè ni wọ́n tún ń jáde nílùú lọ́dọọdún láti jẹ àti láti mu.

Ovid tún fi yẹ̀yẹ́ kan kún un, nítorí pé orin rírùn ni àwọn ọmọge máa ń kọ lọ́jọ́ náà. Mars, òrìṣà ogun tó ni oṣù Máàṣì, fẹ́ Minerva, ó sì bẹ Anna pé kó ṣe alárinà. Anna ń fi òní-lọ́la tàn án, títí ó fi ní Minerva ti gbà. Wọ́n mú ìyàwó wá, aṣọ bò ó lójú. Mars ṣí aṣọ kó fẹnu kò ó lẹ́nu, Anna ló rí! Ojú ti ọkọ ìyàwó, inú bí i, Anna sì fi í rẹ́rìn-ín.

Fún ìgbà pípẹ́, inú ìwé nìkan ni Anna Perenna wà. Lọ́dún 1999, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Piazza Euclide, ládùúgbò Parioli ní àríwá Róòmù, láti ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n kan ìsun omi àtijọ́ kan tí wọ́n fi òkúta mọ yíká. Nínú kòtò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ti rí owó ẹyọ tó lé ní 500, nǹkan bí 70 àtùpà, ìkòkò bàbà kan, èèpo ẹyin àti èso igi páìnì. Wọ́n tún rí abala òjé tí wọ́n kọ èpè sí, àti àpò òjé kéékèèké tí wọ́n fi ọmọlangidi há sínú wọn, torí pé nígbà tí ọdún náà ti ń kú lọ, àwọn kan ń wá sí ojú omi náà lóru láti fi ọ̀tá wọn gégùn-ún. Àwọn ẹrù náà wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Diocletian ní Róòmù báyìí.

Òkúta ibẹ̀ kan ló fi orúkọ ẹni tó ni ìsun omi náà hàn. Ọdún 156 lẹ́yìn ìbí Krístì ni wọ́n kọ ọ́. Kò sí Aeneas níbẹ̀, kò sí Dido, kò sí ọba kankan. Suetonius Germanus àti Licinia ìyàwó rẹ̀ ló wá san ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ pé bí àwọn bá borí, àwọn yóò wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òrìṣà omi Anna Perenna.